Ìmọ̀lára, Másùnmáwo àti Agbára Àwọn Tó Yí Wa Ká: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí kì í tán. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mò ń ka ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ọ̀kan nínú wọn ló máa bi mí. Mo kó wọn jọ síbí: àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Kí ni ìmọ̀lára gan-an?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, ìtumọ̀ tí ọkàn fún un, àti ohun tó ń tì wá ṣe, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló ń jẹ́ ìmọ̀lára. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ àbùkù sí yín, ara á gbóná, ọkàn á máa lù kìkì. Ẹ ó ka ọ̀rọ̀ náà sí ìwọ̀sí. Ẹ ó sì fẹ́ fèsì lójú ẹsẹ̀. Ìbínú nìyẹn. Ká ní ẹ gbà pé àwàdà ló ń ṣe ni, ẹ̀rín lẹ bá rín.

Kì í sábà pẹ́. Èyí tó bá wà lára èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìsí ohun kan pàtó tó fà á, ìyẹn yàtọ̀: bí inú ṣe rí lọ́jọ́ yẹn ni.

Ṣé ìmọ̀lára kì í ba ìrònú jẹ́? Ṣé kò ní dáa kéèyàn má ní in rárá?

Rárá o. António Damasio, dókítà ọpọlọ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Pọ́túgà, ṣàyẹ̀wò àwọn kan tí apá iwájú ọpọlọ wọn ti bàjẹ́. Làákàyè wọn pé, wọ́n ń ṣe ìṣirò, wọ́n ń rántí nǹkan, ṣùgbọ́n ìmọ̀lára wọn ti kú tán. Ó fi ọjọ́ méjì lọ ọ̀kan nínú wọn pé kó mú èyí tó wù ú láti padà wá. Ọkùnrin náà ṣí ìwé tó ń kọ ètò ọjọ́ rẹ̀ sí, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ka àǹfààní àti ìṣòro ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀, bí ojú ọjọ́ ṣe lè rí, kò sí èyí tí kò kà. Kò rí ọ̀kan mú. Nígbà tí dókítà wá ní kó kúkú wá lọ́jọ́ kejì, ó ní kò burú, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ.

Ìmọ̀lára ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé èyí ṣe pàtàkì ju tọ̀hún lọ. Ẹni tí kò bá ní in kò gbọ́n ju àwa yòókù lọ. Ṣe ni kò ní mọ èyí tí yóò mú.

Ara ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n ni, àbí ọkàn?

Àríyànjiyàn yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dún 1884, William James, ọmọ Amẹ́ríkà, sọ pé kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà wá kí ara tó gbọ̀n. Ara ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, mímọ̀ tí a mọ̀ pé ó ń gbọ̀n ni à ń pè ní ẹ̀rù. Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò ní bá ọkùnrin yìí jiyàn púpọ̀. Ara ni èdè wa fi ń sọ ìmọ̀lára: inú ló ń bí, àyà ló ń já, ojú ló ń tì, orí ló ń wú.

Walter Cannon, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ta kò ó lọ́dún 1927. Ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn àti àyà ẹni tó ń bínú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà, báwo wá ni ara nìkan ṣe fẹ́ sọ èyí tó jẹ́? Lọ́dún 1962, Stanley Schachter àti Jerome Singer mú àárín ọ̀nà: ara ló ń ru sókè, àmọ́ ohun tó yí wa ká ló ń sọ orúkọ tí a máa fún un. Abẹ́rẹ́ adrenaline, kẹ́míkà ara tó ń mú kí ọkàn sáré, ni wọ́n fún àwọn èèyàn láti fi dán an wò, èsì rẹ̀ kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe ń pọ́n ọn. Síbẹ̀ mo gbà pé kókó ọ̀rọ̀ wọn wúlò. Àyà tó ń lù kìkì ká tó dìde sọ̀rọ̀ láàárín èrò, a lè pè é ní ẹ̀rù, a sì lè pè é ní ìmúra ara sílẹ̀. Orúkọ tí a bá pè é máa ń hàn nínú ohùn wa.

Ṣé ojú èèyàn máa ń sọ ohun tó wà ní inú rẹ̀?

Díẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Paul Ekman lọ bá àwọn Fore ní Papua New Guinea, tí wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ àwọn ará ìta, ó sì rí i pé wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú ìrísí ojú tó fi hàn wọ́n mọ̀. Láti ibẹ̀ ni òkìkí ìmọ̀lára mẹ́fà ti kàn: ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, ayọ̀, ìríra àti ìyàlẹ́nu. Àwọn mìíràn, bíi Lisa Feldman Barrett, ò gbà. Wọ́n ní èèyàn lè bínú láìfajúro, ó sì lè fajúro torí pé oòrùn ń pa á lójú. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má fi ojú nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ bi í.

Kí ni másùnmáwo? Ṣé wàhálà náà ni?

Wàhálà ni ohun tó wà níta. Másùnmáwo ni ohun tí ara àti ọkàn ń ṣe láti fi dá a lóhùn. Hans Selye ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Lọ́dún 1936, nílùú Montreal, ó rí i pé ì báà jẹ́ òtútù, ọgbẹ́ tàbí oògùn tó le ló bá àwọn eku rẹ̀, nǹkan kan náà ni ara wọn ń ṣe. Ó pín in sí ìpele mẹ́ta: ara á kọ́kọ́ ta gìrì, lẹ́yìn náà á máa fara dà á, bí kò bá sì tán, agbára á pin.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara lásìkò náà?

Ká ní ẹ fẹ́ sọdá títì, ọkọ̀ kan wá kọjá fìrì níwájú yín, ó ku díẹ̀ kó gbá yín. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti fò sẹ́yìn. Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké méjì tó wà lórí kíndìnrín ti tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀: ọkàn ń sáré, ẹyinjú ń fẹ̀, ẹ̀dọ̀ ń tú ṣúgà jáde fún iṣan, oúnjẹ inú ikùn sì dẹ́kun dídà, ìdí tí ẹnu fi ń gbẹ nìyẹn. Walter Cannon kan náà ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1915 pé ṣe ni ara ń múra láti jà tàbí láti sá.

Ọkọ̀ ti lọ, kò sí ewu mọ́, síbẹ̀ orúnkún yín ṣì ń gbọ̀n. Cortisol, kẹ́míkà kejì, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè; ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dé góńgó rẹ̀, kì í sì í tètè lọ. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ àwọn tọkọtaya pé bí ìjà bá ti gbóná, kí wọ́n jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó padà sídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń múra ìjà kò lè gbọ́ àlàyé.

Ṣé gbogbo másùnmáwo ló burú?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tó mọ níwọ̀n, tó sì ní òpin, ló ń jẹ́ ká múra sí ìdánwò, ká sì dìde nígbà tí ọmọ bá sunkún lóru. Èyí tí kò lọ, tí kò sì jẹ́ kí ara sinmi, ni ọ̀tá.

Ṣé ó lè sọni di aláìsàn lóòótọ́, àbí àsọdùn ni?

Ó lè ṣe é. Lọ́dún 1995, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọgbẹ́ kékeré sí apá obìnrin 13 tó ń tọ́jú ìbátan wọn tí àrùn ti ba ìrántí rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì dá irú rẹ̀ sára obìnrin 13 mìíràn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, tí wọn kò sì ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ọgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn fi nǹkan bí ọjọ́ 9 pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ kó tó jinná. Ọgbẹ́ kan náà ni o. Lọ́dún 1991, Sheldon Cohen náà fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n kán kòkòrò ọ̀fìnkìn sí nímú, àwọn tí másùnmáwo wọn pọ̀ ni ọ̀fìnkìn tètè ń mú.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ọkàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi ń sọ fún àwọn tó ní ọgbẹ́ inú pé ìrònú ló fà á, kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀. Barry Marshall àti Robin Warren ní Ọsirélíà wá rí i pé bakitéríà kan ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Marshall gbé e mu fúnra rẹ̀ lọ́dún 1984 kí àwọn èèyàn lè gbà á gbọ́, inú rẹ̀ sì wú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí iye èèyàn tí wọ́n ti bá wí pé wọ́n ń ronú jù, nígbà tó jẹ́ pé oògùn ni wọ́n nílò. Bí ara bá ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ló dé tí ohun kan náà fi ń wọ èmi lára tí kò sì ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan?

Richard Lazarus ni mo fara mọ́ jù lórí èyí. Ó ní ìbéèrè méjì ni ọkàn ń bi ara rẹ̀: Ṣé èyí lè pa mí lára? Ṣé mo ní ohun tí mo lè fi kojú rẹ̀? Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ìkejì sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, másùnmáwo dé nìyẹn. Ẹni tó ní owó nípamọ́, tó ní ará tó lè ké sí, tí irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ìdáhùn tirẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ní ọ̀kankan. Kì í ṣe pé ọkàn tirẹ̀ le ju tiyín lọ.

Lọ́dún 1984, òun àti Susan Folkman ya ọ̀nà ìkojú sí méjì: ká mú ìṣòro náà fúnra rẹ̀, tàbí ká tọ́jú ọkàn tó ń gbé e. Ohun tó ṣeé tún ṣe, ẹ tún un ṣe. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe, bí ọ̀fọ̀, ẹni tó bá ń lé yín pé kí ẹ wá nǹkan ṣe sí i ń pa kún ẹrù yín ni.

Ṣé ó dáa kí n pariwo tàbí kí n fọ nǹkan kí ìbínú lè jáde?

Ìbínú kì í ṣe omi inú kete tí a ń dà nù. Lọ́dún 2002, Brad Bushman jẹ́ kí àwọn tí wọ́n ti mú bínú máa lu àpò tí àwọn akànṣẹ́ máa ń lù, kí wọ́n sì máa ronú nípa ẹni tó mú wọn bínú. Àwọn mìíràn kàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Àwọn tó lu àpò ni inú wọn ṣì ń bí jù, àwọn náà ló sì rorò jù nígbà tí àyè ẹ̀san ṣí sílẹ̀. Bí ẹ ṣe ń lù ú tí ẹ ń rò ó, ẹ ń koná mọ́ ọn ni.

Ohun tó máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n sì rọra mí síta fún àkókò tó gùn ju ti àkọ́kọ́, kí wọ́n sì dárúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá wò ó dáadáa, ìtìjú ló wà lábẹ́ ìbínú.

Ṣé kí n wá gbé e mì ni?

Kíkó o pamọ́ kò jọ títú u ká. James Gross àti Robert Levenson sọ fún àwọn tó ń wo fíìmù tó ń rínni lára pé kí wọ́n má jẹ́ kó hàn lójú wọn rárá. Ojú wọn kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ara wọn lábẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tó ń wò ó bó ṣe wù wọ́n. Kí èèyàn yí ojú tó fi ń wo ọ̀rọ̀ náà padà kó tó gbóná dára ju kó dì í mú lẹ́yìn tó ti gbóná lọ. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ tún wà: James Pennebaker ti ń fi hàn láti ọdún 1986 pé kíkọ ohun tó wúwo lọ́kàn fún bí ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin, máa ń ṣe àwọn kan lóore. Kì í ṣe gbogbo èèyàn, kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò náni ju bírò àti ìwé lọ.

Bí ìbànújẹ́ tàbí àìbìkítà bá wà lára yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun àti oúnjẹ ti dàrú, tàbí tí ẹ bá ń rò pé ẹ̀mí yín kò wúlò mọ́, ẹ má dúró kí ẹ máa ka ojú ìwé bí èyí. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Kí ló dé tí mo fi ń gbà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò nígbà tí mo mọ̀ pé wọn kò tọ̀nà?

Ẹ fi ara yín sínú yàrá ìwádìí Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, lọ́dún 1951. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin bíi mélòó kan jókòó, àyè yín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkẹyìn. Wọ́n gbé páálí méjì síwájú: ìlà kan wà lórí ọ̀kan, ìlà mẹ́ta wà lórí ìkejì. Kí ẹ sọ èyí tó gùn bíi ti àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ yín. Ọmọdé lè ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo yín gbà. Ìgbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ní ìgbà kẹta, ẹni àkọ́kọ́ mú ìlà tó hàn gbangba pé kò tọ́, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ẹnì kejì mú un. Ẹnì kẹta mú un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ó kàn yín.

Àwọn yòókù ti gbìmọ̀ pẹ̀lú Asch tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò mọ̀. Ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbà tí wọ́n purọ́, ẹni tí wọ́n ń dán wò tẹ̀ lé wọn. Nínú èèyàn mẹ́rin, mẹ́ta tẹ̀ lé wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan rò pé ojú àwọn ni kò ríran dáadáa. Àwọn mìíràn mọ òótọ́, wọn kò kàn fẹ́ dá yàtọ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ léèrè èyí tó ń ṣe òun.

Àbọ̀ ìwádìí yìí tí mo fẹ́ràn jù kì í sábà dé etí èèyàn. Bí Asch bá fi ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òótọ́ sáàárín wọn, títẹ̀lé náà máa ń já wálẹ̀ gidigidi. Ẹnì kan péré ni èèyàn nílò.

Ṣé ènìyàn rere lè pa ẹlòmíì lára torí pé ẹni tó wà nípò ló ní kó ṣe é?

Lọ́dún 1961, ní Yunifásítì Yale, Stanley Milgram bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tó ṣì ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní kí ẹni tó wá máa tẹ súwíìṣì kí iná mànàmáná lè gbé ọkùnrin kan nínú yàrá kejì ní gbogbo ìgbà tó bá ṣi ìdáhùn. Súwíìṣì 30 ló wà lójú ẹ̀rọ náà, láti volt 15 dé 450. Kò sí iná níbẹ̀ rárá, ọkùnrin náà sì mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀. Ní 300, ọkùnrin náà lu ògiri gbàgbàgbà. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí náà, tó wọ kóòtù eérú, kàn ń sọ pé kí wọ́n máa bá a lọ.

Nínú 40, èèyàn 26 dé 450. Wọn kì í ṣe ìkà: wọ́n ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń já ètè ara wọn jẹ, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀gá náà wá ń pàṣẹ láti orí tẹlifóònù, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló dé òpin. Nígbà tí èèyàn méjì mìíràn tí wọ́n jọ jókòó kọ̀, mẹ́rin péré nínú 40 ló dé ibẹ̀.

Kí ló dé tí èrò fi máa ń dúró wo ẹni tó wà nínú ewu?

Ọ̀rọ̀ Kitty Genovese, tí wọ́n pa ní New York lọ́dún 1964, ló dá ìbéèrè yìí sílẹ̀. Ìwé ìròyìn sọ pé èèyàn 38 ń wò tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀: díẹ̀ ló rí i dáadáa, àwọn kan sì pe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó tìdí rẹ̀ jáde fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́dún 1968, John Darley àti Bibb Latané jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ẹni tí wárápá mú. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló gbọ́, ìdá 85 nínú 100 jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé àwọn mẹ́rin mìíràn ń gbọ́, ìdá 31 ni. Olúkúlùkù ń rò pé ẹlòmíì á ṣe é.

Ẹ má sì torí èyí sọ pé ayé ti bàjẹ́ tán. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo fídíò ìjà 219 tó ṣẹlẹ̀ ní gbangba ní ìlú mẹ́ta, ó lé ní 9 nínú 10 tí ẹnì kan ó kéré tán dá sí. Bí ẹ bá wà nínú ewu, ẹ má ké sí gbogbo èrò. Ẹ nawọ́ sí ẹnì kan: ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ pupa, ẹ pe àwọn oníṣègùn.

Ṣé àwọn ìwádìí wọ̀nyí ṣe é gbára lé?

Kò dọ́gba. Ti Asch, wọ́n ti tún un ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì ń jáde, bó tilẹ̀ ń pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtọwọ́dá tí Philip Zimbardo ṣe ní Stanford lọ́dún 1971, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ṣe bíi wọ́dà, tí àwọn yòókù ṣe bí ẹlẹ́wọ̀n, tí wọ́n dá dúró lọ́jọ́ kẹfà dípò ọ̀sẹ̀ méjì, èmi kò fi kọ́ni mọ́ bí ẹ̀rí. Wọ́n ti darí àwọn wọ́dà nípa bí wọ́n ṣe máa ṣe, kì í ṣe ipò nìkan ló sọ wọ́n di òǹrorò. Èyí tó sì sọ pé kéèyàn fi eyín di bírò mú á jẹ́ kí àwòrán ẹ̀fẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín sí i, yàrá ìwádìí 17 tún un ṣe, èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 kò sì bá ti àkọ́kọ́ mu.

Bí ipò ló ń ti èèyàn, ṣé ẹni tó ṣìkà kò wá jẹ̀bi ni?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, èmi náà sì pẹ́ lórí rẹ̀. Mo gbà pé àlàyé kì í ṣe ìdáláre. Yàrá kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọ̀gá kan náà ni àwọn 14 tí kò dé òpin lọ́dọ̀ Milgram bá pàdé. Ipò ń mú kí ó rọrùn tàbí kí ó nira. Kì í tẹ súwíìṣì.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ìgbà tí wọ́n tún un ṣe, ẹnjiníà kan tó ṣí wá láti ilẹ̀ Holland dáwọ́ dúró ní volt 255. Ọ̀gá náà ní kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe, àfi kó máa bá a lọ. Ó dá a lóhùn pé ohun tí òun lè ṣe wà, ó ṣe tán, ẹsẹ̀ ara òun lòun fi rìn wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi í pé ta ló máa di ẹ̀bi àwọn iná tó ti tẹ̀ ṣáájú rù. Kò fi ìkankan sí ọ̀gá náà lọ́rùn. Ó ní òun ni, gbogbo rẹ̀ pátá.